Orí Kẹrin: Oúnjẹ Tó Kúnná Jù

Kọkànlá kú láàárọ̀. Òun ló sanra jù nínú gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ wa.

Ó dùbúlẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Ara rẹ̀ ti funfun, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ títí àwọ̀ fi tán lára rẹ̀. Gíláàsì kékeré tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ láti fi wo bí oúnjẹ ṣe ń dà ṣì ń tàn díẹ̀. Oúnjẹ àná ṣì ń dà nínú òkú náà. Mo dúró tì í títí gíláàsì náà fi kú.

Ìkùukùu ti gun òkè wá láti orí omi. Ó wọ inú ọgbà, ó bo ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó kù. Wọ́n dà bí ohun tó léfòó. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Gíláàsì mọ́kànlélógójì ń tàn bàìbàì nínú funfun.

Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má la òkú ẹlẹ́dẹ̀. Iná ló ni ín. Ẹni tó bá là á kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ láyé, wọ́n á gbé e kúrò lórí ilẹ̀ lọ sí ilé omi, níbi tí àwọn tí kò ní ilẹ̀ ń gbé. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n ṣe òfin yẹn. Ó dára nígbà náà.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Rọ́bà. Kọkànlá ni ẹ̀kẹta tó kú bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló funfun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nọ́ńbà wọn, iye oúnjẹ tó ń dà nínú wọn, ga jù lára ògiri.

Mo mú ọ̀bẹ.

Àpòlúkù rẹ̀, àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, kún fún ẹ̀jẹ̀ dúdú. Lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú rẹ̀, ihò wà níbẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ó yọ sí òdì kejì.

Mo gbé òkú náà sínú iná. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo lọ sí ilé ìlọ̀, níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ wọn.

*

Ìyá Bọ́ládalẹ̀ ni olórí ilé ìlọ̀. Òun àti obìnrin mẹ́ta wà nídìí ajọ̀. Ìyẹ̀fun gba gbogbo afẹ́fẹ́. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó dúró nínú ìyẹ̀fun náà bí òpó.

Ìlú mìíràn ń lọ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tiwa ń lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì tún ń fi aṣọ jọ̀ ọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, pẹ̀lú èérí àgbàdo. Ìyá Bọ́ládalẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ àṣà yẹn. Ó ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́. Bí a ṣe ń sẹ́ ògì fún ọmọ náà ni kí a ṣe fún ẹlẹ́dẹ̀. Nọ́ńbà ara ògiri sì gòkè. Inú gbogbo ìlú dùn. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ikúmápàyí, ẹ káàárọ̀ o." Ó fi ìyẹ̀fun pa ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ wo tòní. Àtíkè ni! Ẹ lè fi wá ìyàwó."

"Ìyàwó wo ni Bàbá ń wá?" obìnrin kan wí. "Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó á rò pé òun ń bá òpó gbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kọkànlá kú," mo wí.

Ẹ̀rín dá.

"Kọkànlá?" Ìyá Bọ́ládalẹ̀ gbé ajọ̀ sílẹ̀. "Kọkànlá tèmi? Tó gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lánàá?"

"Òun ni."

Ó wo ojú mi. Ó ní kí àwọn mẹ́ta náà lọ pọn omi. Nígbà tí wọ́n jáde, ó sún mọ́ mi.

"Ẹ là á."

"Mo là á."

"Háà, Bàbá. Ẹ là á!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ta ló rí yín?"

"Ìwọ nìkan ló mọ̀. Ihò wà nínú àpòlúkù rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dà tán sínú."

"Kí ló dá ihò sí i?"

Mo na ọwọ́ sí ajọ̀.

Ó fa ajọ̀ náà mọ́ra. "Ẹ fẹ́ sọ pé ọwọ́ mi ló pa á? Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́fà? Ọ̀kan ò kú mọ́ mi lọ́wọ́, Bàbá. Ọ̀kan ò kú! Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ló wá fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́?"

"Ọmọ kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹ ò tíì wo yàrá Bọ́ládalẹ̀ ni."

Mo bu omi sínú abọ́ méjì. Mo da ìyẹ̀fun sínú ọ̀kan. Mo lọ sẹ́yìn ilé, níbi òkìtì èérún tí wọ́n ń dà nù lórí ajọ̀, mo bù ú sínú èkejì. Mo ro méjèèjì. Mo ní kó gbé wọn, kó mì wọ́n bí ẹni tó ń rìn.

Ìyẹ̀fun ti di omi. Ó ń ṣàn, ó ń gun etí abọ́, ó ń kàn án lọ́wọ́. Èérún jókòó sísàlẹ̀. Omi rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Omi kíkan wà nínú àpòlúkù," mo wí. "Òun ló ń sọ oúnjẹ di rírọ̀. Ìsàlẹ̀ àpò náà le, ó lè gbà á. Ọrùn rẹ̀ lókè kò le. Oúnjẹ tó kúnná jù ń gbé omi kíkan náà gòkè lójoojúmọ́."

Ìyá Bọ́ládalẹ̀ wo abọ́ méjèèjì. Ó tún mì wọ́n. Ó gbé wọn sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bí a bá dá èérún padà, nọ́ńbà á já."

"Á já."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí Adúràgbẹ̀mí dé."

"Mo mọ̀."

Adúràgbẹ̀mí ni alábẹ̀wò Ìgbìmọ̀ tó ń pín ilẹ̀. Àmì tí ìlú gbọ́dọ̀ gbà ni ọgọ́rin. Nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ bá jẹ, ọgọ́rin gbọ́dọ̀ dà. Ohun tó bá wọlé tó jáde láìdà, olè ni, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ìlú tí kò bá tó ọgọ́rin, ọkọ̀ funfun á wá kó ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ìlú tí kò bá sì ní ẹlẹ́dẹ̀ kò ní ilẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ti kéré jù. Àwọn tó ń bọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi í fún. Igba èèyàn ló wà lórí òkè wa.

*

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń jẹun. Ìlú á dákẹ́ fún wákàtí kan. Wọn ò ní gún nǹkan, wọn ò ní la igi, àwọn ìyá á gbé ọmọ tó bá ń ké lọ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ̀rọ Agbọ́nú ń fetí sílẹ̀ nígbà yẹn. Òun ló ń gbọ́ bí ìfun ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ń wo àwọ̀ gíláàsì, tó ń kọ nọ́ńbà sára ògiri.

Mo fẹ́ràn wákàtí náà. Ewé rọ́bà á máa bọ́ láìdún. Ìmọ́lẹ̀ á rọra di wúrà, á sì di àwọ̀ ewéko. Àwọn gíláàsì á tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, búlúù ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà funfun, bí ẹni pé ojú ọ̀run sọ̀kalẹ̀ wá jókòó sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn á máa lọ sókè sódò pẹ̀lú wọn. Nígbà mìíràn, n kò mọ̀ bóyá mo ń wò wọ́n tàbí mo ń lá wọn lálàá.

Ọjọ́ yẹn, a fún wọn ní èyí tí a lọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, mo gbọ́ tí wọ́n ń rún nǹkan lẹ́nu.

Ògiri kọ mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Wákàtí pé. Ìyá Bọ́ládalẹ̀ ní, "Ẹ ti lé wa lọ sínú omi nìyẹn."

"Kò tíì tán."

Mo bu ìgbẹ́ wọn, mo da omi gbígbóná sí i. Nígbà tó tutù, nǹkan funfun kan bo ojú rẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́ tó sì tún dì. Ọ̀rá ni. Ọ̀rá líle tí Ìgbìmọ̀ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́, tí a ń pò mọ́ oúnjẹ wọn.

"Ẹ wo ọ̀rá ìjọba," Ìyá Bọ́ládalẹ̀ wí. "Ó wọlé, ó jáde, kò kí onílé."

"Ọ̀rá tó ń dì kì í dà bọ̀rọ̀ nínú ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣì kéré. Ìyẹ̀fun kíkúnná ló ń bá wa bò ó mọ́lẹ̀. Òróró tó ń ṣàn á dà jù ú lọ."

"Mo ní òróró ẹ̀pà. Ìpín mi ti oṣù yìí. Ẹ gbà á."

"Ohun tí ẹnu èèyàn ń jẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹlẹ́dẹ̀. Ìyẹn náà òfin ni."

"Ẹ ti rú ọ̀kan láàárọ̀. Ẹ ò fi kún un?"

"Ìyẹn ti tó mi."

Nínú igbó lẹ́yìn wa, èso rọ́bà kan gbẹ, ó bẹ́. Hóró rẹ̀ ta lu òrùlé. Òmíràn tún bẹ́. Àwa méjèèjì gbójú sókè.

Kò sẹ́ni tó ń jẹ hóró rọ́bà. Májèlé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é lẹ́ẹ̀mẹta, tí a ń da omi rẹ̀ nù, tí a sì yan án, májèlé á lọ. Òróró tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, kì í sì í dì. Àwọn baba wa gbin igi yẹn nítorí oje rẹ̀. Igi náà ti gbàgbé wọn, ó ṣì ń so.

Gbogbo ìlú ṣa hóró. A sè, a yan, a fún òróró rẹ̀ jáde. Òróró náà pọ́n bí oyin. A pò ó mọ́ oúnjẹ wọn, a da ọ̀rá líle sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ kẹta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ kẹfà, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ keje, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọjọ́ kẹjọ, kò kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí wọn ti ń pọ́n padà. Wọ́n ń fi imú ti ara wọn. Wọ́n ń sá eré. Kò sí èyí tó tún funfun nínú wọn, àfi ọ̀kan, Keje.

Mo wo Keje dáadáa lọ́jọ́ kẹjọ. Nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ márùndínláàádọ́rùn-ún. Mo wo ọpọ́n rẹ̀. Mo fi ìka kan ohun tó kù nínú rẹ̀. Àtíkè ni.

Mo pe Ìyá Bọ́ládalẹ̀.

"Òun nìkan ṣoṣo ni," ó wí. Kò wo ojú mi. "Kì í fẹ́ èyí tó le. Á kàn máa wò mí. Mo bá a jọ oúnjẹ díẹ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Bàbá, ẹ má bá mi wí. Èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ ọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́."

N kò bá a wí. Mo gbé ọpọ́n náà kúrò. Ó ti pẹ́ jù.

*

Adúràgbẹ̀mí dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọkọ̀ rẹ̀ gba inú ìkùukùu yọ, kò dún. Ó ti sanra díẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ iṣẹ́, ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, aṣọ Ìgbìmọ̀ lára rẹ̀, ó kí mi.

"Ẹ dìde, Alábẹ̀wò," mo wí. Níwájú èèyàn, "ẹ" ni mo ń fún un.

Ó dúró ti ògiri ní agogo mẹ́rin. Ìlú dákẹ́. Àwọn gíláàsì tàn. Ògiri kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin.

Nígbà tí wákàtí pé, ó yí sí mi. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun àti Ìyá Bọ́ládalẹ̀ àti èmi nìkan.

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ò já bọ́ rí."

"Oúnjẹ yàtọ̀."

"Mo rí i. Keje gba márùndínláàádọ́rùn-ún. Kí ni Keje ń jẹ?"

"Èyí tí a ń fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀."

"Ó dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fún gbogbo wọn ní tirẹ̀. Màá sùn níbí lónìí, màá tún gbọ́ wọn lọ́la. Tó bá ti lé ní ọgọ́rin, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì lọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀. Ó rọrùn. Igba èèyàn á sùn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi náà á sùn níbi tí mo ti ń sùn. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára jù ní àkọ́kọ́, ìlú á sì tún jọ oúnjẹ wọn sí i kó lè kúnná sí i. Ní ọdún tó ń bọ̀, kò ní sí èyí tí ọkọ̀ funfun á kó.

Ìyá Bọ́ládalẹ̀ ń wò mí. Orí rẹ̀ ń mì díẹ̀. Ó fẹ́ kí n dákẹ́.

"Ihò ló wà nínú Keje," mo wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Gíláàsì kò lè fi í hàn. Agbọ́nú kò lè gbọ́ ọ. Là á."

"N kò lè là á, Bàbá. Ẹ mọ̀. Àfi tí ẹnì kan bá búra níwájú ìlú pé òun ti fojú rí inú òmíràn rí." Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ má sọ ọ́."

"Èmi ni mo là á!" Ìyá Bọ́ládalẹ̀ pariwo. Ó rìn jáde sí ojú ìlú. "Kọkànlá! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi là á! Èmi ni kí ẹ gbé!"

"Irọ́ ni," mo wí. "Kò lè pa adìẹ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò, ó sì dákẹ́ lójijì.

Mo ṣí fìlà. Mo dúró síbi tí gbogbo wọn ti lè rí mi. "Èmi Ikúmápàyí ni mo la Kọkànlá. Mo rí ihò nínú rẹ̀. Mo búra."

Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Adúràgbẹ̀mí fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ. Ìyá Bọ́ládalẹ̀ gbé orí Keje sórí itan, ó ń họ ọ́ lẹ́yìn etí títí ó fi parí. Nígbà tí àpòlúkù ṣí, gbogbo wa rí i. Ihò náà kò tíì já síta. Ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò. Ẹ̀jẹ̀ dúdú yí i ká.

Alábẹ̀wò jókòó sílẹ̀, nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ìlú mẹ́rìnlá ni mo ń bẹ̀ wò," ó wí. "Mo ti kọ́ gbogbo wọn láti máa jọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n wá wo Òkè-Rọ́bà."

Mo gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fa ìwé iná rẹ̀ yọ, pátákó tó ń tàn tó fi ń kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀. Ó kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìdí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan kan sí, ó kọ̀wé títí oòrùn fi wọ̀. Ó kà á fún wa. Kí ọkọ̀ funfun má wá. Kí Ìgbìmọ̀ la ẹlẹ́dẹ̀ kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù. Kí Òkè-Rọ́bà wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi là wọ́n tán.

Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ mi sí ojú ìwé mìíràn, ti àwọn tó rú òfin. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Ó tọ̀nà," mo wí. "O fa ọ̀bẹ náà dáadáa."

*

Ọkọ̀ ilé omi dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Bọ́ládalẹ̀ sìn mí dé etí omi. Ó di ẹ̀kọ fún mi.

"Báwo ni kó ṣe rí?" ó bi mí. "Oúnjẹ wọn. Ẹ sọ ọ́ kó yé mi, n ò ní rí yín bi mọ́."

"Bí iyanrìn etí odò. Kó máa kan ọ́ níka. Tí kò bá kan ọ́, ó ti kúnná jù."

"Bí iyanrìn etí odò." Ó tún un wí. "Ẹ má bá wọn jà níbẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn èèyàn ilé omi ò mọ àwàdà."

"Èmi kì í ṣe àwàdà."

"Ìyẹn náà ni mò ń wí."

Ó yí ẹ̀yìn padà kí n má baà rí ojú rẹ̀. Ó gun òkè lọ kíákíá. Iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ kò ju ẹni ogójì ọdún lọ. A ti rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀. Omi mọ́ kedere lábẹ́ wa. Mo rí òrùlé, mo rí òpópónà, mo rí ẹja tó ń wọ fèrèsé kan tó sì ń yọ lójú òmíràn, láìkánjú.

"Bàbá, kí ni iṣẹ́ yín?"

Mo ronú sí i.

"Kò sí."

"Ẹ mọ ọkọ̀ wà?"

"Rárá."

Ó na àjẹ̀ ìtukọ̀ kan sí mi. Mo gbà á. Mo tì í bọnú omi. Omi náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tún tì í.